Àmì Wi-Fi kún dẹ́nu, fáìlì kò lọ: ìdáhùn fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ibẹ̀ la ti ń tẹ ìwé, tí a ń ya fọ́tò passport, tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fọ́ọ̀mù wọn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Windows ti wúwo jù fún kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì mi, ọmọkùnrin kan bá mi gbé Linux Mint 21, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i, ó sì ń yára dáadáa. Adapter Wi-Fi kékeré tí mo rà ní Adó, èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú USB kí kọ̀ǹpútà lè gba Wi-Fi, ló ń dà mí láàmú. Ó ń rí MiFi mi, ó ń so mọ́ ọn, àmì rẹ̀ a sì kún dẹ́nu. Mo lè ka ìròyìn, mo tilẹ̀ lè wo fídíò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ fi PDF tàbí fọ́tò ránṣẹ́, á rìn díẹ̀, á dúró. Nígbà mìíràn Wi-Fi á pòórá pátápátá, àfi kí n yọ adapter kí n tún un kì bọ ibẹ̀. Mo ti ra òmíràn, nǹkan kan náà ni. Àwọn kan ní Linux ló fà á, kí n padà sí Windows. Nọ́ńbà tí lsusb, àṣẹ tó ń to ohun tó wà lójú USB, gbé jáde nìyí: 0bda:c811. Orí hub olójú mẹ́rin, èyí tó ń sọ ojú USB kan di mẹ́rin, ni adapter náà wà, pẹ̀lú mouse, keyboard àti kámẹ́rà.

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, ọ̀gá mi. Kí ẹ tó gbọ́ ti àwọn tó ní kí ẹ padà sí Windows, ẹ tún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ kà. Ẹ lè wo fídíò, ẹ kò lè fi fọ́tò ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ fídíò wúwo ju fọ́tò passport lọ fíìfíì. Ohun tó ń wọlé ń wọlé, èyí tó yẹ kó jáde ni kò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tí irú èyí ń ṣe kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọn á kàn ní "Wi-Fi yìí ò dáa", wọn á wá máa da àṣẹ tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú terminal (fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọn ò fi ní mọ èyí tó tún un ṣe àti èyí tó bà á jẹ́ mọ́.

Àmì Wi-Fi tó kún yẹn ń tan yín jẹ. Ohun tó ń wọ̀n kò ju bí adapter yín ṣe ń gbọ́ MiFi lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bóyá MiFi ń gbọ́ adapter. Ẹ wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi ìsọjí: ó ń gbọ́ oníwàásù ketekete nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n bí òun náà bá dáhùn láti ibi tó jókòó sí, ta ló máa gbọ́ ọ? Adapter tó tó èékánná kò ní àyè fún eriali gidi nínú. Bí ẹ bá ń wo fídíò, ìwọ̀nba ohun tó ń fi ránṣẹ́ ni ìdáhùn kéékèèké pé "mo ti gbà á, ẹ mú òmíràn wá", ìyẹn sì rọrùn fún un. Bí ẹ bá ní kó gbé PDF jáde, òun gan-an ló ní láti máa pariwo láìsinmi.

Ariwo yẹn ń jẹ iná, ibẹ̀ sì ni hub yín ti kó sí ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ ìlànà USB 2.0, ohun tí ẹ bá kì sí ojú kan lára kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ fa iná ju 500 mA (milliampere) lọ. Hub tí kò bá ní wáyà iná tirẹ̀ kò ní ibòmíràn tó ti ń rí iná ju ojú kan ṣoṣo yẹn lọ, òun ló sì ń pín in fún mouse, keyboard, kámẹ́rà àti adapter. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìròyìn, ó lè tó wọn. Ẹ kàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ránṣẹ́, adapter fẹ́ iná púpọ̀ sí i lójijì, iná inú hub wálẹ̀, chip inú adapter sì dákú. Tí ẹ bá fi ti kámẹ́rà tó ń tan iná lọ́wọ́ kún un, ẹ rí i pé kò yani lẹ́nu.

Ohun tó jẹ́ kí n fura sí iná ṣáájú ohunkóhun mìíràn ni pé ẹ ní àfi kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un kì. Bó bá jẹ́ pé ìgbì Wi-Fi ló rẹ̀ ẹ́, á já, á tún wá MiFi fúnra rẹ̀, á sì padà so mọ́ ọn. Èyí tó pòórá tí kò padà mọ́ títí ẹ fi fọwọ́ kàn án, ara USB ni ìṣòro rẹ̀ wà, tàbí kó jẹ́ driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe ń lo adapter. Adapter kejì tí ẹ rà tó ń ṣe bákan náà sì bá èyí mu, nítorí orí hub kan náà ni ẹ gbé e sí.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ ṣí terminal, kí ẹ kọ àṣẹ yìí, tó ń fi ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀:

sudo dmesg -w

Ẹ fi fèrèsé yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá lọ fi PDF kan ránṣẹ́. Ẹ máa wo ohun tí yóò kọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan bá dúró. Bí ẹ bá rí "USB disconnect", tàbí "reset high-speed USB device", tàbí "device descriptor read/64, error -71", ọ̀ràn iná, wáyà tàbí ojú USB ni, kò kan MiFi, kò sì dájú pé Linux ló fà á. Bí ẹ bá rí "deauthenticated" tàbí "disassociated", MiFi àti adapter ló pínyà lórí afẹ́fẹ́, ìgbì ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ bá rí orúkọ driver tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bíi "failed" tàbí "timed out", tí USB kò sì já, driver ni. Ó sì lè má kọ ohunkóhun rárá nígbà tí fáìlì dúró. Ìyẹn náà ní ìtumọ̀, n ó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ adapter kúrò lórí hub, kí ẹ kì í sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ má lo ojú USB tó wà níwájú o. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ti iwájú mọ́ pátákó inú, nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà sì rèé, wáyà yẹn sábà máa ń ti rẹ̀. Ara pátákó náà gan-an ni ti ẹ̀yìn wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í síbẹ̀ lásán, nítorí àpótí irin ni kọ̀ǹpútà yín, adapter tó bá farapamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ tábìlì ti fi irin dí ojú ara rẹ̀. Ẹ ra wáyà USB tí wọ́n fi ń fa nǹkan gùn, èyí tí kò ju mítà kan lọ, kí ẹ fi gbé adapter wá sórí tábìlì, kó máa wo MiFi lójúkojú. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ níhìn-ín, èyí ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ máa ṣe lónìí, òun ni kí ẹ ṣe.

Ìdí mìíràn tún wà fún wáyà yẹn. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ojú USB 3 (aláwọ̀ búlúù ló sábà máa ń jẹ́), tí ẹ sì ki hard disk tàbí flash oní-USB 3 bọ̀ ọ́, ariwo tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń bọ́ sáàárín ìgbì 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò. Ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2012. Ẹni tó ń da fọ́tò oníbàárà láti ara hard disk sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Wi-Fi tirẹ̀ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jìnnà síra wọn.

Ká ní ẹ ti ṣe èyí, tí fáìlì kò sì tíì lọ. Ẹ so fóònù yín mọ́ MiFi kan náà, kí ẹ fi PDF kan náà ránṣẹ́ láti ibi tí kọ̀ǹpútà wà gan-an. Bí fóònù náà kò bá lè fi í ránṣẹ́, ẹ fi adapter lọ́rùn sílẹ̀. Láti MiFi sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ìṣòro wà, a sì mọ bí Èkìtì ṣe rí. Ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí òkè yí ká mọ̀ pé igun yàrá kan lè gba 4G kí igun kejì má gbà rárá. Ẹ gbé MiFi lọ sójú fèrèsé, kí ẹ tún un dán wò. Adapter ló yẹ kó wá MiFi rí. Ẹ má torí adapter gbé MiFi sínú kọ̀rọ̀.

Bí fóònù bá fi í ránṣẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ padà sí terminal. Ẹ kọ ip route, kí ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé "default via". MiFi yín nìyẹn. Ká ní 192.168.8.1 ni, ẹ ju ẹrù sí i, kí ẹ wo iye tó máa padà:

ping -c 50 -s 1400 192.168.8.1

"-s 1400" yẹn ṣe kókó. Ping lásán ń ju ẹrù kékeré, adapter tó ń kú lọ sì lè gbé e kọjá, kí ẹ wá máa rò pé ara rẹ̀ yá. Ẹrù tó tóbi ló ń tú àṣírí. Bí ẹrù bá ń sọnù láàárín ẹ̀yin àti MiFi tó wà níwájú yín lórí tábìlì, ìgbì tàbí driver ni. Ẹ kọ iw dev láti mọ orúkọ adapter yín (ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wlx lórí Mint, ó sì máa ń gùn), kí ẹ wá kọ iw dev, orúkọ yẹn, àti link. Ẹ wo "signal". Bó bá wà ní nǹkan bíi -50 dBm, ó dára. Bó bá ti kọjá -75 lọ sí ìhà -80, kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́. Ẹ kọ nmcli device wifi list pẹ̀lú, kí ẹ wo chánẹ́ẹ̀lì tí àwọn MiFi àti router aládùúgbò wà. Bí gbogbo wọn bá kóra jọ sí 6, ẹ gbé tiyín lọ sí 1 tàbí 11. Chip tó wà nínú adapter yín mọ 5 GHz pẹ̀lú, nítorí náà bí MiFi yín bá ní 5 GHz, ẹ lò ó, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ariwo àdúgbò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ chip wá kù. 0bda ni nọ́ńbà Realtek, c811 sì ni RTL8811CU. Ẹ bá mi ki adapter kejì náà bọ̀ ọ́, kí ẹ kọ lsusb. Bí c811 náà ló bá tún jáde, páálí ló yàtọ̀, ọjà kan náà ni ẹ rà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn páálí yìí ń purọ́ lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. "600 Mbps" tí wọ́n kọ sí i, 150 ti 2.4 GHz àti 433 ti 5 GHz ni wọ́n rò pọ̀, bẹ́ẹ̀ adapter náà kò lè lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì rántí pé bit ni wọ́n ń kà níbẹ̀, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló ń di byte kan.

Linux Mint 21 bá kernel 5.15, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, jáde (ẹ kọ uname -r kí ẹ rí i dájú), kernel yẹn kò sì ní driver kankan fún RTL8811CU orí USB. Nítorí náà, ọmọkùnrin tó bá yín gbé Mint sí i ti ní láti wá driver láti òde, kó sì kọ́ ọ mọ́ kernel yẹn. Kò ṣe ohun tó burú, kò sí ọ̀nà mìíràn lórí kernel yẹn. Ṣùgbọ́n irú driver bẹ́ẹ̀ lè kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí kernel bá yí padà, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì lè rẹ̀. Láti kernel 6.2 ni Linux ti ní ti ara rẹ̀ fún chip yìí, orúkọ rẹ̀ ni rtw88, wọ́n sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà wá. Kernel tó bá dé lẹ́yìn sàn ju 6.2 gan-an lọ.

Lórí Mint 21, ẹ ṣí Update Manager, kí ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Linux Kernels, kí ẹ mú ẹ̀ya 6.8. Bí ẹ bá kúkú fẹ́ gbé Mint 22 sí i, 6.8 ló bá jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan kernel, ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering. Mint á rí i bí ẹni pé wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lẹ kì bọ̀ ọ́, kò béèrè driver kankan. Ẹni tó bá ń tún Wi-Fi ṣe láìní ọ̀nà mìíràn sí íntánẹ́ẹ̀tì ti ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Ẹ yọ driver àtijọ́ náà kúrò. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, wọ́n á máa du adapter kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àṣẹ dkms status máa fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, ẹ lè ní kí ẹni tó kọ́ ọ bá yín tú u. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà padà, ẹ kọ lsusb -t, kí ẹ wo ohun tó tẹ̀lé "Driver=" lórí ìlà adapter yín. Bí ẹ bá rí rtw, ti inú kernel ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ìparí ìlà náà pẹ̀lú: 480M ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 12M, ojú USB yẹn tàbí wáyà yẹn ti bàjẹ́, kò sì sí driver tó lè tún ìyẹn ṣe. Bí kernel tuntun kò bá sì bá kọ̀ǹpútà yín mu, ẹ tún un tàn, kí ẹ yan Advanced options nínú GRUB (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ yan kernel nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), kí ẹ padà sí 5.15. Ó wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Mint tún máa ń jẹ́ kí Wi-Fi sinmi láti dín iná kù. Lápútọ́ọ̀pù tó ń lo bátìrì ni ìyẹn wúlò fún. Kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì ṣọ́ọ̀bù kò nílò rẹ̀ rárá, àwọn adapter Realtek kan kì í sì jí dáadáa lójú oorun náà. Ẹ ṣí fáìlì yìí:

sudo xed /etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf

Ẹ sọ wifi.powersave = 3 di 2, kí ẹ fi í pamọ́, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà padà. USB náà ní irú oorun tirẹ̀. Bí dmesg bá ṣì ń sọ̀rọ̀ USB lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò lórí hub, ẹ fi usbcore.autosuspend=-1 sínú ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú /etc/default/grub, kí ẹ kọ sudo update-grub.

Mo ní n ó padà sórí ibi tí dmesg kò ti sọ nǹkan kan. Bí USB kò já, bí ping sí MiFi kò sọ ẹrù kankan nù, tí ojú ìwé kéékèèké ń ṣí, tí fáìlì ńlá sì ń dúró sójú kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ yẹ MTU wò, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tí ọ̀nà náà lè gbà kọjá. 1500 ni kọ̀ǹpútà máa ń rò pé ó jẹ́. Ọ̀nà 4G lè má gba tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó sì yẹ kó ta yín lólobó lè dákẹ́. Ẹ kọ:

ping -M do -s 1472 8.8.8.8

1472 àti 28 tí orí ẹrù náà ń gbà ló di 1500. Bí kò bá kọjá, ẹ máa dín 1472 kù títí yóò fi kọjá, kí ẹ wá fi 28 kún èyí tó kọjá. Ká ní 1400 ló bọ́ sí:

nmcli connection modify "orúkọ Wi-Fi yín" 802-11-wireless.mtu 1400

Ẹ já Wi-Fi, kí ẹ tún un so. Ṣùgbọ́n n kò rò pé èyí ni tiyín, nítorí MTU kì í mú kí adapter pòórá. Mo sọ ọ́ nítorí ẹlòmíràn tó ń kà á, tí tirẹ̀ ń dúró láìjá.

Ní ti pípadà sí Windows: hub tí iná rẹ̀ kò tó lórí Linux kò ní tó lórí Windows. Bó bá jẹ́ driver ni, ó ṣeé ṣe kí Windows ṣe dáadáa jù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí Windows ti wúwo fún tẹ́lẹ̀, kò tíì fúyẹ́.

Bó bá wá di dandan kí ẹ ra ẹ̀kẹta, ẹ má wo páálí, chip ni kí ẹ béèrè. MT7610U àti MT7612U ti MediaTek ti ní driver nínú kernel láti 2018, ẹ kì í kọ́ ohunkóhun fún wọn. AR9271 ti Atheros ti pẹ́ lọ́jà, 2.4 GHz nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbára lé. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kò mọ chip tó wà nínú ohun tí wọ́n ń tà, ẹ̀bi wọn kọ́, wọn kò kọ ọ́ sára páálí. Ẹ gbé Linux Mint sórí flash, kí ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù kan dání lọ sí Adó, kí ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù pé ẹ fẹ́ dán an wò níbẹ̀. Ẹ fi flash yẹn tan lápútọ́ọ̀pù, ẹ ki adapter bọ̀ ọ́, ẹ kọ lsusb. 0e8d:7610, 0e8d:7612 tàbí 0cf3:9271, ẹ sanwó. Bí 0bda:1a2b ló bá jáde, adapter náà ń ṣe bí CD tó gbé driver Windows dání ni, ẹ kò tíì rí chip rẹ̀ gan-an. Ẹ dá a padà fún un, kí ẹ ní kó mú òmíràn wá.